Kí àwọn olùwádìí wa kọ́kọ́ tò sórí ìlà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ka ìwé gboyè ọ̀mọ̀wé lórí bí ìjọba ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣèpinnu ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ bá mi gbé e jáde.

Ọ̀kan lára wọn, tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà kan, wá bá mi nílé ní Ìbarà lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun ń ṣèwádìí lórí ohun tí wọ́n ń pè ní algorithm nínú iṣẹ́ ìjọba, ìyẹn àwọn ìlànà ìṣirò tí èèyàn tò sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ náà yóò wá máa fi yan ẹni tó yẹ kó rí ìrànwọ́ gbà, ẹni tí wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, àti ẹni tí wọn yóò fura sí pé ó ń purọ́. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé ìbéèrè tó fẹ́ máa gbé kiri, ọ̀gá iléeṣẹ́, onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti òṣèlú ni gbogbo àwọn tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tí ẹ̀rọ ti kọ̀ rí.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kẹ́mta, tí wọ́n ti ń rẹ àdìrẹ láti ohun tó lé ní 40 ọdún. Mo ní kí wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn kí ọmọ náà wò ó. Aró ti wọ abẹ́ èékánná wọn débi pé kò ṣeé fọ̀ kúrò mọ́, omi sódà sì ti jẹ orí ìka wọn títí ó fi ń dán bí òkúta inú odò. Ìlà tí Ọlọ́run fà sórí ìka wọn kò hàn mọ́. Wọ́n wá sọ fún un bí wọ́n ṣe lọ sí ilé ìfowópamọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti tẹ̀ka sórí ẹ̀rọ tó ń fi ìlà ìka dá èèyàn mọ̀: òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi aṣọ tútù nu ìka wọn, ó fi sípíríìtì nù ún, ó ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n fi tòsì tẹ̀ ẹ́, iná pupa náà ló ṣì ń tàn. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ ò rí yín o." Owó tí wọ́n fi àdìrẹ kó jọ wà nínú ilé náà, òṣìṣẹ́ tó mọ̀ wọ́n lójú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, síbẹ̀ ọwọ́ òfo ni wọ́n gbé padà sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ká ìwé ìbéèrè rẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó sì ní kí wọ́n bá òun wá àpótí ìjókòó.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ yẹn kò sí nínú fáìlì ọ̀gá kankan. Ní Netherlands, iléeṣẹ́ owó orí lo ètò kọ̀ǹpútà kan láti díwọ̀n ẹni tó ṣeé fura sí láàárín àwọn òbí tó ń gba owó ìtọ́jú ọmọ, jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ mìíràn sì wà lára ohun tí ètò náà ń wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni wọ́n ní kó dá owó padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pariwo kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ náà ló sì mú kí ìjọba Mark Rutte kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. Ní Ọsirélíà, kọ̀ǹpútà pín owó tí èèyàn rí lọ́dún kan sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lọ́gbọọgba, ó sì ti ibẹ̀ di gbèsè lé àwọn tálákà lórí. Aláró èyíkéyìí ní Abẹ́òkúta ì bá ti sọ fún wọn pé oṣù Iléyá kò jọ oṣù tó tẹ̀ lé e.

Kí á má lọ jìnnà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò JAMB àti òbí wọn fárígá pé máàkì tí àwọn rí kì í ṣe tàwọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àtúnṣe tó yẹ kó wọ inú ètò kọ̀ǹpútà kò dé orí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti gúúsù-ìlà-oòrùn, 379,997 ọmọ ni wọ́n sì ní kó wá tún ìdánwò náà ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì gba ẹ̀bi náà sọ́rùn ara wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn lórí èyí, nítorí ó jẹ́ kí àwọn òbí mọ ẹni tí wọ́n lè bi léèrè.

Èmi kò kórìíra ẹ̀rọ. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, orílẹ̀-èdè Tógò fi àwòrán láti ojú sánmà àti ìlò fóònù mọ àwọn tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ jù, wọ́n sì fi owó ránṣẹ́ sí wọn láìsí pé ẹnì kan tò sórí ìlà. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ta ló lọ bá àwọn tí kò ní fóònù?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ kì í tilẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹnì kankan kó tó dá ẹjọ́. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sọ ní abala 37 pé, àyàfi níbi tí òfin náà bá yọ sílẹ̀, èèyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ìpinnu tó máa kan ayé rẹ̀ gidi má ṣe jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ nìkan dá ṣe. Mélòó nínú àwọn tó ń rẹ àdìrẹ ní Kẹ́mta tàbí tó ń tà á ní Ìtòkú ló ti gbọ́ èyí rí? Káńtà wo ni wọ́n ti lè sọ ọ́ kí ẹnì kan dìde láti dá wọn lóhùn? Mo rò pé ìbéèrè yìí tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé.

Kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni mo ń bá wí. Ó yẹ kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí wo ìlànà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, kí wọ́n má sì fi lẹ́tà àṣẹ dá wọn dúró títí owó wọn yóò fi tán. Ní Alábàtà, àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń kọ́ ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ wà nínú ọgbà yunifásítì kan náà. Ọwọ́ àgbẹ̀ tó ti di ọkọ́ mú títí kò yàtọ̀ sí ọwọ́ aláró lójú ẹ̀rọ, nítorí náà kí wọ́n jọ ṣe é. Bí ìwádìí bá sì parí, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí ní Yorùbá, kódà bó jẹ́ ojú ìwé mẹ́wàá péré, kí wọ́n kà á lórí rédíò fún àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi kún un pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ló lè wá bá àwọn ní ìdí ìkòkò aró, kó ṣáà má jẹ́ ọjọ́ ọjà, kí àwọn lè ráyè bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.