Odò kì í bẹ̀rẹ̀ níbi afárá

Sí Olóòtú,

Bí ìwé ìròyìn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ odò kékeré ìgbèríko, ibi afárá ni wọ́n máa ń ya fọ́tò rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gòkè díẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò náà, láti góńgó òkè ìhín dé góńgó òkè ọ̀hún, ara odò ni. Òjò tó bá bọ́ sẹ́yìn góńgó wọ̀nyẹn, odò mìíràn ló ń bọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Bí òjò mílímítà 1 péré bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà 1, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà 1, omi lítà 1,000,000 ni! Níbi tí igbó wà, ilẹ̀ á fa púpọ̀ nínú rẹ̀ mu, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ojú ìsun; ìyẹn ló ń mú kí odò máa ṣàn lẹ́yìn tí òjò ti dáwọ́ dúró. Níbi tí wọ́n ti gé igbó, àgbàrá ni.

Àwọn tó sì fẹ́ na odò tó wọ́ bí ejò kó lè tọ́ gbọọrọ ńkọ́? Omi á kàn túbọ̀ sáré ni, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni yóò gbà á lálejò.

Nígbà mìíràn, ẹ tẹ àwòrán ilẹ̀ odò láti orísun rẹ̀ fún wa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan