Ọ̀dà kọ́ ló ń pa bàálù alábẹ̀bẹ̀ mọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Òkun o, ẹ kú iṣẹ́. A ka lẹ́tà kan lójú ewé yìí, níbi tí òǹkàwé yín kan ti dá a lábàá pé kí wọ́n wá bàálù alábẹ̀bẹ̀ àtijọ́ kan gbé sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Kàbà, kí àwọn àlejò tó ń ti Lọ́kọ́jà bọ̀ lè máa dúró ya fọ́tò. Dakota ló ní ó wu òun. Àbá náà dùn mọ́ wa, torí Dakota wu àwa náà ju bàálù yòówù tó ń fò lónìí lọ. Ibi tí a ò ti bá a lọ ni ibi tó ti ní ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀, pé tí wọ́n bá ti gbé e dúró tán, kí wọ́n máa kùn ún ní ọ̀dà tuntun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti tó. Kò tó rárá. Ọ̀dà gan-an wà lára ohun tó máa ń bo àìsàn bàálù mọ́lẹ̀ títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́.

Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, Dakota yìí náà ni àwọn Amẹ́ríkà tó ṣe é ń pè ní DC-3. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fún un ní orúkọ kejì. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1935 ló kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Douglas ṣe èyí tó ju 10,000 lọ, tí púpọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun parí, àwọn ológun tà á ní owó pọ́ọ́kú, ni gbogbo ayé bá ń fi í kó èrò. West African Airways Corporation, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1946 fún ilẹ̀ mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lápá ìhín, lò ó. Nígbà tí Nigeria Airways sì gba ipò rẹ̀ lọ́dún 1958, Dakota wà lára ohun tó jogún. Táyà kékeré kan ló wà lábẹ́ ìrù rẹ̀, nítorí náà imú rẹ̀ máa ń wo ọ̀run nígbà tó bá dúró. Èrò tó bá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ńṣe ló máa gun òkè lọ síbi ìjókòó rẹ̀ bí ẹni tó ń gun àpáta ìlú Ògìdì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń béèrè ohun tí àwọn èèyàn rí lára irin àtijọ́ tí wọ́n fi ń kú lé e lórí, ẹ dúró tì í níjọ́ tí wọ́n bá ń tan ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹ́ńjìnì méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sìlíńdà 14 tó tò yípo ní ìlà méjì, àti agbára ẹṣin 1,200. Abẹ̀bẹ̀ á kọ́kọ́ máa yí díẹ̀díẹ̀ tí èèyàn á fi lè kà á. Sìlíńdà kan á wúkọ́, òmíràn á dá a lóhùn, èéfín búlúù á bo ìdajì apá, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á wá di ohùn kan. Kì í han bíi jẹ́ẹ̀tì. Ó ń kùn ni, àyà ni èèyàn sì fi ń gbọ́ ọ.

Ohun tó ń pa á kì í ṣe ọjọ́ orí, omi ni. Páànù tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n po bàbà díẹ̀ mọ́ kó lè lágbára, àmọ́ bàbà yẹn ló ń jẹ́ kó tètè jẹrà. Wọ́n wá fi alumíníọ̀mù tó mọ́ gaara bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ní tẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Awọ yẹn ló ń gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á kó tó kùn ún ti bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀ nìyẹn, èérún irin tó sì kù lójú páànù á di orísun ìpẹtà ní gbàrà tí òjò bá kán sí i. Aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ tí kò le ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, omi púpọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣàn án. Ẹ má ṣe fi eérú, ọṣẹ dúdú, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí bílíìsì kàn án. Ẹ wo ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n ti ń fi eérú fọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́lẹ́ sí i lọ́dọọdún.

Alumíníọ̀mù tó ń jẹrà kì í pọ́n bí irin. Ìyẹ̀fun funfun ló máa ń sun jáde, ó jọ láfún, lẹ́yìn náà páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé tí omi bọ́ sí. Kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí àlejò ń wò. Abẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, abẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí, ìdí ilẹ̀kùn, ibi tí bátìrì jókòó sí àti ìsàlẹ̀ ikùn bàálù pátápátá ni kí ẹ lọ wò. Gíláàsì iwájú Dakota máa ń jò láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Àwọn tó ń wà á láyé àtijọ́ máa ń tẹ́ rọ́bà lé itan nígbà òjò. Omi tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ikùn ló ń ṣàn lọ. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn àti apá, kí omi lè máa rí ibi jáde. Ọ̀dà tó ki ló ń dí ihò wọ̀nyí, agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé sì ń bá ọ̀dà parí iṣẹ́. Lóṣooṣù nígbà òjò, kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti igi tẹ́ẹ́rẹ́, kó máa tú ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó má fi ìṣó tú u. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni, ó sì wúlò ju garawa ọ̀dà ogún lọ.

Ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa gbé e dé Kàbà ńkọ́? Apá rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 29 láti ìkángun sí ìkángun, gígùn rẹ̀ sún mọ́ mítà 20, òfìfo rẹ̀ sì wúwo ju tọ́ọ̀nù méje lọ. Apá àárín, èyí tó gbé ẹ́ńjìnì méjèèjì, kì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀, àmọ́ apá ìta lọ́tùn-ún àti lósì ṣeé tú. Wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ bóòtì kéékèèké tó tò yí oríkèé ká so ó, ẹni tó bá sì ní sùúrù á tú wọn tán. Ẹni tí kò ní sùúrù á mú ayùn. Bàálù tí wọ́n bá fi ayùn gé níbẹ̀ kò ní dúró dáadáa mọ́ láéláé. Irin tí wọ́n bá fi tún un so lẹ́yìn náà á máa gbé omi sínú oríkèé, alumíníọ̀mù tó bá fara kan irin nínú omi sì ni yóò kọ́kọ́ jẹrà. Oríkèé yìí kan náà ni àwọn tó ṣì ń fi Dakota fò máa ń yẹ̀ wò jù, nítorí ibẹ̀ ló ti ń sán.

Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ tán, ẹ kọ imú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó ń ká páànù ilé wa máa ń ti ọ̀nà ibẹ̀ jà wá, bàálù kò sì mọ̀ pé wọn ò ránṣẹ́ pe òun láti fò. Atẹ́gùn tó bá gba abẹ́ apá rẹ̀ lè gbé e nílẹ̀. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń so ó mọ́ kọnkéré: abẹ́ apá méjèèjì àti ìdí ìrù. Kí wọ́n sì fi igi há àwọn ohun tó ń mì létí apá àti ní ìrù kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn nínú atẹ́gùn.

Àwọn ohun tó ń mì yẹn ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí aṣọ ni wọ́n fi bò wọ́n, kì í ṣe páànù. Òwú ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Lónìí aṣọ oníke ni, tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ti wọn bó ṣe gbóná tó fà á le. Àwọn ahunṣọ Ògìdì á mọ ohun tí a ń sọ: tí ẹ bá fi ìka ta á, ó gbọ́dọ̀ dún bí awọ ìlù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi oje pàtàkì kùn ún ní ìpele púpọ̀, tí wọ́n á po ẹ̀tù alumíníọ̀mù mọ́ àwọn kan nínú rẹ̀. Ẹ̀tù yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Òun ló ń dí oòrùn lọ́nà, torí oòrùn ló ń jẹ aṣọ náà gbó. Ọ̀dà ilé tí wọ́n bá kùn lé e máa ń sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, aṣọ á sì jẹrà láti inú nígbà tí òde rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá ya, ó ti kú tipẹ́.

Àlejò tó bá dé ìdí bàálù, abẹ̀bẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ yí. Ẹ fi ṣéènì dè é. Nínú ẹ́ńjìnì olóbìírípo yìí, ọ́ìlì máa ń rọra jò gba ẹ̀gbẹ́ písítìn wọ orí àwọn sìlíńdà ìsàlẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Nítorí náà àwọn tó fẹ́ tan án máa ń pa iná rẹ̀ pátá, wọ́n á fi ọwọ́ fa abẹ̀bẹ̀ náà yípo títí ewé abẹ̀bẹ̀ mẹ́sàn-án sí méjìlá á fi kọjá, kí wọ́n tó fi sítátà kàn án. Tó bá dúró gbagidi bí ẹni tó kọlu òkúta, wọn kì í fi agídí fà á. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn, nítorí náà kọnrọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó so písítìn mọ́ ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀, ni yóò tẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì náà lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn kó sì dùn létí, kó wá já lọ́jọ́ mìíràn lókè. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n tú pulọ́ọ̀gì àwọn sìlíńdà ìsàlẹ̀ kí ọ́ìlì ṣàn jáde. Ẹni tó bá dá abẹ̀bẹ̀ padà sẹ́yìn kó lè rọrùn, páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló ti ọ́ìlì náà sí. Bí ẹ́ńjìnì bá ti tan, ọ́ìlì náà á padà wá.

Èyí tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìtọ́jú tirẹ̀. Wọ́n á fọ́n ọ́ìlì ìpamọ́ sínú gbogbo sìlíńdà, wọ́n á yọ pulọ́ọ̀gì méjìdínlọ́gbọ̀n tó wà lára ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi èdídí oníke tó mọ́ gaara rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Hóró kéékèèké aláwọ̀ búlúù ló wà nínú rẹ̀, ìbátan èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Tó bá ti mu ọ̀rinrin yó, á di pupa rẹ́súrẹ́sú. Nínú oṣù Keje ní ilẹ̀ Òkun, agbègbè Kàbà wa yìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi yí padà, nítorí náà kí ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Látìgbà tí wọ́n bá ti fọ́n ọ́ìlì yẹn sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí abẹ̀bẹ̀ mọ́, torí písítìn á ha á kúrò lára sìlíńdà.

Ẹ má bá wa sọ̀rọ̀ pé kó máa fò. Lítà tó lé ní 300 ló ń mu ní wákàtí kan, epo pẹtiróòlù bàálù aláwọ̀ búlúù sì ni, nígbà tó jẹ́ pé epo jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìbátan kẹrosíìnì, ló wọ́pọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú wa. Ilé iṣẹ́ Basler ní Oshkosh, ní Amẹ́ríkà, máa ń yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́ náà, wọ́n á fi èyí tó ń mu epo jẹ́ẹ̀tì sí i. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ti lọ.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Tó bá gùn ní mítà 22, tó fẹ̀ ní mítà 32, tó sì ga tó mítà mẹ́fà, ó ti gbà á, kò sì nílò ògiri. Atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ má fi tapólì wé e dípò òrùlé. Abẹ́ tapólì máa ń làágùn lóru, omi yẹn kò sì ní ibi tí yóò gbà jáde. Lásìkò ọyẹ́, ẹ dí ẹnu ẹ́ńjìnì àti àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ imú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀ kí táyà má baà pẹlẹbẹ. Ẹ sì wá ológbò tàbí pańpẹ́, nítorí ìtọ̀ eku ń jẹ alumíníọ̀mù gan-an.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó bàálù yìí, kó mú tọ́ọ̀ṣì, dígí kékeré àti sikurudiráfà dání. Kó ní kí wọ́n ká pátákó ilẹ̀ tó wà nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n tú ìbòrí oríkèé apá lọ́tùn-ún àti lósì, kó sì ti dígí bọ ibẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ọ̀dà tuntun ni, kí wọ́n má ha á, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olólùfẹ́ bàálù alábẹ̀bẹ̀,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.