Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe asẹ́ tí à ń fọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ojú ewé ìlera yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé gègé. Ẹni tó kọ ọ́ ní asẹ́ ni ẹ̀dọ̀, pé ìdọ̀tí a máa há sí i, pé kí kálukú máa mu oògùn olómi fọ̀ ọ́ lóṣooṣù. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí gan-an.

Asẹ́ a máa di pàǹtí mú. Ẹ̀dọ̀ kì í dì í mú, ṣe ló ń yí i padà. Amóníà tó ń jáde nígbà tí ara bá ń lo purotéènì, májèlé ni fún ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀ a sọ ọ́ di yúríà, kíndìnrín a sì dà á sínú ìtọ̀. Ọtí àti ọ̀pọ̀ oògùn náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú wọn palẹ̀.

Ẹ gé ẹ̀dọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ilé kéékèèké olórígun mẹ́fà ni ẹ ó rí, bí afárá oyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju bíi mìlímítà 1 sí 2 lọ ní fífẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààlà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára ti èèyàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan wà láàárín, àwọn sẹ́ẹ̀lì sì tò yí i ká bí ìtànṣán oòrùn. Ẹ̀jẹ̀ ń ti etí lọ sí àárín, omi òróòro ń ti àárín bọ̀ wá sí etí. Wọ́n ń pàdé, wọn kì í dàpọ̀. Mo ti wò ó láìmọye ìgbà, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ sí mẹ́rin, bí ìdá mẹ́ta ló ń gba ọ̀dọ̀ ìfun wá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ohun tí a bá gbé mì, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń dé. Omi tí wọ́n ní ká fi fọ̀ ọ́ yẹn, ẹ̀dọ̀ kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ lé e lórí!

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mu irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò dùn ún níbì kankan, torí inú ẹ̀dọ̀ kì í mọ ìrora, awọ tó bò ó ló ń mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, níta, nínú oòrùn àárọ̀: funfun ojú rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú. Ìtọ̀ rẹ̀ sì ti dúdú bíi tíì. Dókítà ní kó jáwọ́ kíá. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀dọ̀ a máa hù padà: ẹni tó gé lára tirẹ̀ fún ẹlòmíràn, láàárín oṣù mélòó kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ti tẹ́lẹ̀. Ara ẹ̀gbọ́n mi ti yá.

Àwọn àgbà ní ká fẹ̀dọ̀ lórí òróòro, lóòótọ́ sì ni àpò òróòro rọ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ̀dọ̀ lé e lórí èyí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B), ká dín ọtí kù, ká má lo paracetamol kọjá ìwọ̀n: ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ nìwọ̀nyí, kò sì sí ọ̀kankan wọn nínú àpilẹ̀kọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àtúnṣe jáde ní ojú ewé kan náà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi ti àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín