Délé, wá wo iná ìléru Scranton

Scranton, Pennsylvania
Oṣù Kẹwàá, 2025

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni nǹkan? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn gan-an.

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo tún un kà. O ní ayé ọta àgbá ti kọjá, pé orílẹ̀-èdè tí AI rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, bá mú jù ni ẹnikẹ́ni ò ní gbójúgbóyà kọ lù. Délé, gbogbo ìgbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru ń bọ̀ ni mò ń kọjá lára ilé iṣẹ́ kan tó ń já ọ níyàn.

Ilé bíríkì gbàgbàrà ni. Àwọn rélùwéè ló kọ́ ọ láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe kó tó di ti àwọn ológun Amẹ́ríkà. Irin gbọọrọgbọọrọ ni wọ́n ń kó wọbẹ̀. Wọ́n á gé e, wọ́n á tì í bọ iná títí á fi pọ́n rokoṣo, ẹ̀rọ á wá lu inú rẹ̀, á fà á gùn, á di ọta àgbá tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ milimítà 155. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà ni, àfi pé ẹwìrì àti owú tibẹ̀ kàmàmà. Òfìfo ló ń jáde níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Iowa ni wọ́n ń kó o lọ láti ki ẹ̀tù sí i. Láti 1986 ni Amẹ́ríkà kò sì ti ṣe TNT, irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀, nílé mọ́. Poland wà lára àwọn tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Kí Rọ́ṣíà tó ya wọ Ukraine ní 2022, nǹkan bí 14,000 irú ọta yìí ni gbogbo Amẹ́ríkà ń rọ lóṣù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di 100,000. Ọdún kẹta ti kọjá, wọn ò tíì débẹ̀. Owó wà o! Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tẹ irin kì í sí lọ́jà, ẹni tó mọwọ́ iná náà kì í sì í ṣe ẹni tí a ń kọ́ lọ́sẹ̀ kan.

N kò fojú kéré AI. Ní Ukraine, tí Rọ́ṣíà bá ti dí ìgbì rédíò, dírónù, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, á sọ ẹni tó ń darí rẹ̀ nù, á já lulẹ̀. Ni wọ́n bá ń fi kọ̀ǹpútà kékeré sínú òmíràn, kó lè dá ohun tí wọ́n rán an sí mọ̀, kó sì parí ìrìn náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn. Àmọ́ ìwọ olùkọ́ kọ̀ǹpútà ló yẹ kó sọ eléyìí fún mi: ọpọlọ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń kọ ọ́, a sì lè dà á kọ sínú mílíọ̀nù dírónù. Mọ́tò ńkọ́? Bátìrì ńkọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é, Ṣáínà ni púpọ̀ nínú wọn sì ti ń wá. Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, Ṣáínà ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó àwọn òòfà kan jáde láìgbàṣẹ. Irú òòfà yẹn ló ń yí mọ́tò.

Obìnrin ará Ukraine kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru. Àbúrò rẹ̀ wà nídìí àgbá. Ó ní ní ìgbà òtútù tí ìlú wọn kan, Avdiivka, bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà, ní 2024, ṣe ni wọ́n ń ka ọta bí àwa ṣe ń ka oògùn fún aláìsàn. Wọ́n ń rí ọ̀tá lójú kámẹ́rà dírónù kedere, wọn ò ní ohun tí wọ́n máa yìn sí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìyẹn ni mo rò pé ọ̀tá ń wò kó tó gbéra. Kì í ṣe ohun tó wà nínú àká rẹ lónìí nìkan, bí kò ṣe bóo ṣe máa tètè rọ òmíràn tí èyí bá tán. Bó bá rí i pé iná ìléru ti kú, AI rẹ ò ní dá a dúró.

Bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ wò, kóo kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Túndé