Kákí àwọn ọmọ wa ò yàtọ̀ sí eruku ọ̀nà

Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe ní Kétu níbí, lórílẹ̀-èdè Benin, lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà tó wá láti Pobẹ̀, páànù mẹ́ta àti bẹ́ǹṣì kan ni mo ń pè ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí sórí fóònù, tẹ́ ẹ bá ráṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ bá wí.

Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, tí mo bá ti wo ṣéènì báyìí mo ti mọ ibi tọ́mọ náà ti ń bọ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ nígbà òjò, apá ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí nìyẹn, eruku pupa sì rèé, ilẹ̀ Kétu wa ni. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ CEG (sẹ́kọ́ńdírì ìjọba) kan gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀ wá bá mi, ó ti tẹ̀ débi pé tí wọ́n bá sọ fún yín pé ó rí róbótó rí ẹ ò ní gbà. Ó ní ọ̀kadà kan tó ru kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́, ló gbá òun lẹ́yìn nírọ̀lẹ́, òun ṣubú sínú koríko, onítọ̀hún ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Orúnkún ló bó, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ohun tó wá ń dà á láàmú ni pé “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi nà án kí màmá mi tó ti oko dé.”

Mo mọ ohun tí ìjánu lè ṣe, mo sì mọ ohun tí ò lè ṣe. Ọ̀kadà tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kún ẹ̀yìn ẹ̀ títí dé ọrùn ẹni tó ń wà á, kò sí ìjánu tó máa dá a dúró lójijì, kódà kí ẹni náà rí ọmọ yẹn. Ṣé ó tiẹ̀ rí i ni? Kákí ni yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ wa jákèjádò Benin, aṣọ tó dáa ni, kì í tètè dọ̀tí, àmọ́ ohun tí kì í jẹ́ ká rí ìdọ̀tí ara ẹ̀ ni pé àwọ̀ eruku ló ní, tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kò síná lára kẹ̀kẹ́, ọ̀nà lẹni tó ń bọ̀ máa rí, kò ní rí ọmọ. Àwọn kíláàsì CEG míì sì ń jáde láago méje, ilẹ̀ ti ṣú nígbà yẹn. Ẹ tún rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lọ sílé ìwé lójúmọ́, wọ́n á dé lọ́sàn-án, wọ́n á tún padà láago mẹ́ta, ọmọ tílé ẹ̀ bá jìn tó kìlómítà 4, kìlómítà 16 ló máa rìn lọ́jọ́ kan, àfi tó bá jókòó sábẹ́ igi tebi ń pa á títí aago mẹ́ta á fi lù.

Àwọn Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) sọ pé jàm̀bá ọ̀nà ló ń pa ọmọ ọdún 5 títí dé ẹni ọdún 29 jù lọ láyé yìí, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ má kọjá kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan níbi tí òun àti ẹlẹ́sẹ̀ bá ti jọ ń lo ọ̀nà. 30 kẹ̀, lọ́nà tiwa yìí! Òkìtì tí wọ́n ń ṣe síwájú iléèwé kí ọkọ̀ lè dẹ̀rìn dáa, mi ò bú u, ṣùgbọ́n iwájú iléèwé nìkan kọ́ lọmọ ti ń rìn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Kí ọ̀dà tó dé làwọn bàbá wa ti ní ọ̀nà oko láti abúlé dé ìlú, ó ṣì wà, àwọn ọmọ ṣì ń gbà á. Mo sọ fún méjì nínú àwọn oníbàárà mi kéékèèké pé kí wọ́n mú mi lọ lọ́jọ́ Sátidé kan, a rìn ín látòkèdélẹ̀. Ibi mẹ́ta péré ló bàjẹ́. Ẹnì kan ti gbin ẹ̀gẹ́ wọnú ọ̀nà, àwọn ọmọ á wá yà sórí ọ̀dà torí kó má baà bú wọn. Ibì kan wà tí àgbàrá ti gbẹ́, igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá a, ẹlẹ́sẹ̀ lè gun un, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ò lè gun un. Ẹ̀kẹta ló burú jù, ibi tí ọ̀nà oko ti já sọ́dà, kọ́nà ni, koríko sì ga ju ọmọ lọ, ọmọ ò rí ọkọ̀, ọkọ̀ ò rí ọmọ. Kí wọ́n kàn la ojú ọ̀nà yẹn gba ibi tó gùn gbọọrọ níwájú díẹ̀, kí délégé, olórí abúlé, bá ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ yẹn sọ̀rọ̀, kí wọ́n to pákó mẹ́rin sórí àgbàrá. Èwo ló gba owó ńlá níbẹ̀?

Mo dé ilé mo ń ṣe fújà, ìyàwó mi wá bi mí pé ọ̀nà oko tó dá, ṣé mo máa jẹ́ kọ́mọ wa obìnrin gbà á láago méje alẹ́? Mi ò rí nǹkan sọ. Òótọ́ ló sọ, ẹni tó ń bẹ nínú igbó lè burú ju ọkọ̀ lọ. Torí náà àárọ̀ àti ọ̀sán ni mo ń sọ. Tó bá dalẹ́, kí wọ́n kóra wọn jọ lójú ọ̀dà, kí àgbà kan máa bá wọn rìn, àwọn òbí lè máa gbà á fúnra wọn lọ́jọ́ lọ́jọ́, kí ẹlẹ́sẹ̀ sì máa rìn lápá òsì kó lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójú ara ẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni kó máa gba apá ọ̀tún. Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́, ìdàkejì ẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní ká pín kẹ̀kẹ́ fáwọn ọmọ. Ó ṣiṣẹ́ níbòmíì lóòótọ́, ní Bihar nílẹ̀ Íńdíà, látọdún 2006 ni ìjọba ti ń fún àwọn ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì kẹsàn-án lówó kẹ̀kẹ́, àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ sì rí i pé iye ọmọbìnrin tó ń wọ sẹ́kọ́ńdírì fi ìdá 32 nínú 100 pọ̀ sí i. Mo fara mọ́ ọn, kì í ṣe torí àtijẹ tèmi o! Àmọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọn ò bá ra túùbù àti ìjánu mọ́, oṣù mẹ́ta ló máa fi di ibi tí adìyẹ ń sùn, mo ti rí i.

Tí ẹnikẹ́ni ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí ọ̀nà tí mò ń sọ yìí, kó wá bá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè láago mẹ́fà àárọ̀, kó wọ bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn ò ṣe é nà mọ́, ó ṣì wà lára igi máńgòrò mi, ẹsẹ̀ lásán lòun ń fi lọ báyìí, ó sì tún ti bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún màmá òun.

Èmi ni,
atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan, Kétu.