Ẹ má fi wèrè ìdílé dá ìgbéyàwó wọn rú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí òbí má ṣe fọmọ fún ìdílé tí wèrè bá wà. Ọ̀rọ̀ náà bá mi nílé. Láti ọmọ ọdún 22 ni àbúrò mi ọkùnrin ti ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia. Ọmọ mi obìnrin kò ní in, síbẹ̀ torí àìsàn àbúrò mi yìí làwọn àna ṣe yẹ̀ nígbà tí a ti ra aṣọ ẹbí tán.

Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìbejì inú ẹyin kan ṣoṣo, tí jíìnì wọn, ìyẹn àbùdá tí wọ́n jogún, bára mu: bó bá mú Táíwò, ibi tó ti ń mú Kẹ́hìndé pẹ̀lú kì í tó ìdajì. Kí ló dé?

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Kọ ọ, k, ọ sójú pátákó. Ọkọ ni, ọkọ́ ni, àbí ọkọ̀? Àmì ló máa sọ. Jíìnì ló ń kọ lẹ́tà purotéènì, èròjà tó ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ara. Bí ara bá mọ purotéènì náà tán, ó tún lè fi àmì lé e, bíi fọ́sífétì tàbí ṣúgà, kó sì tún yọ ọ́ kúrò. Lójú tèmi, lẹ́tà ìbejì lè bára mu, kí àmì wọn má bára mu. Paul Greengard, tó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ìṣègùn ní 2000, ló fi hàn pé fífi fọ́sífétì sí i àti yíyọ ọ́ ni dopamine, kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, fi ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ. Dopamine yìí kan náà ni òògùn àbúrò mi ń dí lọ́nà. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé AKT1, purotéènì tó ń fi fọ́sífétì lé òmíràn lára, kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn náà. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e kò fohùn ṣọ̀kan o, mi ò ní parọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún dókítà ọpọlọ kan láàyè lójú ewé yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbúrò mi ń lo òògùn rẹ̀, ó sì ń ránṣọ. Òun náà ló rán aṣọ ẹbí tó wà nínú ọ̀rá lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Ìyá kan, Abẹ́òkúta