Lẹ́tà sí Bàbá John Warren, ọmọ Clonakilty ní Írẹ́lándì

Bàbá Warren,

Ẹ ò mọ̀ mí. Ọmọ Ìkirè ni mí, Chicago ni mò ń gbé, bàbá mi sì jáde láyé ní Sátidé tó kọjá. Ọ̀rọ̀ páálí, ìyẹn ìwé ọmọ onílẹ̀, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọdún 1866 ni Amẹ́ríkà sọ yín di ọmọ onílẹ̀. Ẹ búra pé ẹ ti kọ gbogbo ọba àjèjì, pàápàá jù lọ Ọbabìnrin Ìlú Ọba. Nígbà tó di 1867, ẹ wọ ọkọ̀ Erin's Hope pẹ̀lú àwọn ará yín, ìbọn kún inú rẹ̀, ẹ ń lọ gba Írẹ́lándì sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìlú Ọba. Ẹ gúnlẹ̀ nítòsí Dungarvan, wọ́n mú yín. Ní kóòtù Dublin, ẹ ní àlejò ni yín, kí wọ́n fi àwọn àlejò sáàárín júrì yín, àwọn ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ pẹ̀lú adájọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin tiwọn fúnra wọn ṣe fàyè gba àlejò. Adájọ́ ní ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ adé Ìlú Ọba ò lè jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bá ní kí lọ́yà yín jókòó, ó parí. (Ibẹ̀ dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.) Ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni wọ́n dá fún yín.

Ariwo irú ẹjọ́ yín ló jẹ́ kí Amẹ́ríkà ṣòfin ní oṣù Keje 1868 pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kúrò lábẹ́ ìjọba tí wọ́n bí i sí. Ìlú Ọba náà gbà ní 1870. Oko tí ẹ ro ni mo wá jẹ níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má bínú o. Láti 1790 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní aláwọ̀ funfun tó wà lómìnira nìkan ni páálí yẹn wà fún. Ó di 1870 kí wọ́n tó fi ọmọ Áfríkà kún un. Láyé ìgbà tí ẹ ń búra, Oluale Kossola, ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ Clotilda kó lẹ́rú dé Alabama ní 1860, wà níbẹ̀, ó ń wá owó tó máa fi wọkọ̀ padà sílé, kò rí. Ní oṣù Keje 1863, àwọn ọmọ Írẹ́lándì bíi tiyín wà lára àwọn tó dáná sun ilé àwọn ọmọ òrukàn aláwọ̀ dúdú ní New York. Mi ò ní di ẹ̀ṣẹ̀ wọn rù yín. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Ọjọ́ tí èmi náà búra di ọmọ Amẹ́ríkà, mo pe bàbá mi. Wọ́n ní, "O kú oríire." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé ẹ máa ń búra pé ẹ ti kọ ibi tí ẹ ti wá. Ọmọ ta wá ni ọ́ báyìí?" Kí n tó la ẹnu, ìpè já. Ṣé nẹ́tíwọ̀kì ni, àbí wọ́n pa fóònù? A sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, lórí òrùlé tó ń jò, lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lórí owó epo, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí mọ́, èmi náà ò sì dáhùn. Ó yẹ kí n sọ pé ẹnu lásán ni ìbúra náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu lásán, ó ti rẹ̀ mí ni. Nígbà mìíràn, inú á bí mi sí wọn: ta ló ní kí n máa lọ? Ta ló ta ilẹ̀ ẹ̀bá odò kí n lè rówó ọkọ̀ òfuurufú san?

Ẹ̀yin gbé páálí Amẹ́ríkà délé, àwọn onílé ní ẹ ò lè di àlejò láéláé. Èmi ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ò tiẹ̀ kọ̀ mí lọ́mọ, torí ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n bí mi. Ṣùgbọ́n páálí Nàìjíríà mi ti kọjá ọjọ́, ọjọ́ tí wọ́n fún mi láti wá ya fọ́tò fún tuntun sì ti kọjá ọjọ́ ìsìnkú. Àkọ́bí ni mí o. Físà ló kù. Wọ́n ní kí onílé kọ ìwé pé òun ló pè mí, ni Gbénga àbúrò mi bá jókòó tì í. Ó pè láàárọ̀ yìí, ó ní wọ́n ń béèrè ilé tí àlejò òun máa dé sí, àti ẹni tí yóò máa bọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kọ orúkọ bàbá wa sí i. Ó ní olóògbé ò lè gbàlejò, kí n jẹ́ kí òun kọ tòun.